Ọmọ Òǹdó Tó Tọpa Ẹ̀jẹ̀ Ríru Dé Inú Kíndìnrín

Nílé, ìrònú la sábà máa ń di ẹ̀jẹ̀ ríru rù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Òǹdó (1933–2020), wò ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1898, ní Stockholm, Tigerstedt àti Bergman lọ kíndìnrín ehoro, wọ́n fa omi rẹ̀ sínú iṣan ehoro mìíràn, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún sì ru. Wọ́n pe ohun tó wà nínú rẹ̀ ní renin. Renin ló ń bí angiotensin, angiotensin ló ń pe aldosterone jáde, aldosterone sì ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ̀ẹ́ kí iyọ̀ lọ. Níbí ní Kánádà, ní 1956, Jacques Genest ti Montreal rí i pé aldosterone pọ̀ nínú ìtọ̀ àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru.

Angiotensin yìí ni Akínkúgbé wádìí ní Oxford. Ìbàdàn ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà sì jáde ní 1972.

Renin àwa dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wa ń ru sábà máa ń kéré, ara wa a sì máa di iyọ̀ mú. Ìdí nìyí tí oògùn tó ń múni tọ̀ fi sábà máa ń bá wa lára mu. Bí oògùn mẹ́ta kò bá rẹ ẹ̀jẹ̀ yín sílẹ̀, ẹ bi dókítà yín bóyá ó ti yẹ aldosterone àti renin yín wò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa fà.