Òkúta tó Wọlẹ̀ Lọ tó sì Padà Wá: Ìtàn Òkè Ńlá tó Ti Wó ní Ilẹ̀ Wa

Orúkọ Ìlọrin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ òkúta ni. Àwọn àgbà sọ fún wa pé òkúta kan wà tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni "ìlọ irin" ti wá. Gbogbo wa la mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọmọ ilé ìwé pé níbo ni òkúta fúnra rẹ̀ ti wá, yóò ní bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Òkúta náà ní ìtàn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí. Ibn Sina (980–1037) kọ ọ́ pé òkè lè dìde nígbà tí ilẹ̀ bá mì tó sì ru sókè, tàbí kí omi máa gbẹ́ àyíká rẹ̀ títí yóò fi ku òun nìkan, àti pé iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ gbáà ni. Al-Biruni, tí wọ́n jọ gbé ayé nígbà kan náà, kíyè sí òkúta ilẹ̀ Íńdíà: ó tóbi nítòsí òkè, ó sì ń kéré sí i bí odò ṣe ń jìnnà. Ó mọ̀ pé ara òkè ni odò ń kó bọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì kò ní ọ̀nà láti rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá wa amọ̀kòkò ní Òkelele. Amọ̀ tí iná bá ti sun kì í di amọ̀ mọ́, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ náà lè wo ìkòkò kó sọ irú iná tó jó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta tí ilẹ̀ bá gbé mì. Ooru á sè é, ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á di òkúta mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹrù tẹ̀ jù lọ ni à ń pè ní eclogite. Ó wúwo, garnet inú rẹ̀ pupa bí lántànà tí a ń dán ní Ìlọrin láyé ijọ́un, ìyókù ara rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Nínú garnet yẹn ni ẹlẹ́rìí fara pamọ́ sí. Yanrìn tí a ń kó létí odò, quartz ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ quartz bí ẹni pé òkúta tó nípọn tó kìlómítà 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lórí rẹ̀, yóò sún mọ́ra, yóò di coesite. Loring Coes, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe é nínú yàrá ìwádìí ní ọdún 1953. Bí ẹrù bá kúrò, coesite á fẹ́ padà di quartz, àfi bí garnet tó le bá sé e mọ́. Níbi tí díẹ̀ bá ti padà, yóò wú, garnet á sì sán yí i ká bí ìtànṣán oòrùn. Ní ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní òkè Alps ní Ítálì, àti ní Norway. Ẹnu ya àwọn onímọ̀. Ṣé ilẹ̀ gbígbẹ lè wọlẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ kó tún jáde?

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kàn wá. Ní 1994, Renaud Caby, ará Faransé, kéde coesite láti àríwá Mali, ní ilẹ̀ Gourma, níbi tí Odò Ọya ti ṣẹ́kọ́rọ́. Odò tí ìpínlẹ̀ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Kwara, náà ni. Eclogite tún wà ní àwọn òkè Lato ní Tógò, orílẹ̀-èdè tí àwọn Ifẹ̀ Atakpamé tó ń sọ èdè wa ń gbé. Ní 2014, Carlos Ganade àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti Mali, ti Tógò àti ti àríwá ìlà-oòrùn Brazil sórí ìwọ̀n kan náà. Gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ láàrin 20 mílíọ̀nù ọdún síra wọn, ní nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Gígùn ibẹ̀ kò dín ní kìlómítà 2,500. Nígbà náà, kò tíì sí òkun láàrin àwa àti Brazil.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ojú ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́ bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Òkun kan wà láàrin awẹ́ ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Bùrùkínà àti Ivory Coast wà lónìí, àti awẹ́ tí ilẹ̀ tiwa yìí wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun wúwo. Ó rì sábẹ́ tiwa, ó sì fa etí ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́ wọlẹ̀. Nígbà tí apá tó wúwo já kúrò, ilẹ̀ tó fúyẹ́ ta sókè bí igbá tí a tì sínú omi tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé eclogite dání. Awẹ́ méjèèjì kọ lu ara wọn, òkè sì ru.

Ẹ má ṣe rò pé òkè náà ga tó kìlómítà 100 o! Everest pàápàá kò ju mítà 8,849 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Ganade gbà pé òkè tó tó Himalaya ló dúró níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ẹ̀rí wà fún. Lónìí, Òkè Agou tó ga jù ní Tógò kò tó mítà 1,000. Àwọn kan á ní, òkè ọ̀hún dà? Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn: òkúta ìsàlẹ̀ kò lè dé ojú oòrùn àyàfi bí ohun tó bò ó bá ti kúrò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé Adéwọlé níbí, tí ẹ ń há orúkọ òkè Yúróòpù sórí, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ granite ilẹ̀ Yorùbá yọ́ tó sì dì nísàlẹ̀ ilẹ̀ láyé tí ìkọlù yẹn ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òjò àti odò jẹ òkè náà tán, gẹ́gẹ́ bí Al-Biruni ti rí i ní Íńdíà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ṣàn sínú òkun, àwọn Ganade sì rò pé oúnjẹ inú ẹrẹ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀dá alààyè gbilẹ̀ nínú omi kó tó di pé ẹranko pọ̀ láyé.