Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa àti Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Orí

 Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti jáde, orí pápá ni àwọn ọmọ wa ń gbà lọ. Inú wa a máa dùn bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ìtàn eré yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa òbí.

Ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni bọ́ọ̀lù ti gbilẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1903, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ yìí ní Gold Coast, àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Cape Coast bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Excelsior. Nígbà tó yá, a dá líìgì àwọn ọmọdé sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní colts, èyí tó túmọ̀ sí ọmọ ẹṣin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín wọn: àwọn tí kò tíì pé ọdún 10, 12, 14 àti 17. Ìdí rẹ̀ ni pé egungun ọmọ ọdún 9 kò lè gba ohun tí ti ọmọ ọdún 14 ń gbà.

Irú ètò báyìí so èso. Nàìjíríà gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Ṣáínà ní 1985. Gánà gbà á ní Ítálì ní 1991. Ní 1993, ní Japan, Nàìjíríà fi góòlù 2 sí 1 borí Gánà nínú àṣekágbá. Ẹni tó bímọ sí Gánà mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, bàbá lè máa yọ̀ kí ọmọ máa sunkún nínú yàrá kan náà.

Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà. Ní 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá èyí tí Nàìjíríà ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ó fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fún ọdún méjì. Àwọn ọmọ tí kò purọ́ rárá pàdánù àkókò wọn, ọmọ ọdún 15 kì í sì í padà di ọmọ ọdún 15 mọ́.

Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn-ọwọ́ nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ. Bí ibi tí egungun náà ti ń dàgbà bá ti dí pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti kọjá ọdún 17. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Àwa kọ́ ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìwé ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá di ẹrù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì fi ilé-ẹ̀kọ́ àti pápá sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ yín ní kété tí ẹ bá ti bí i. Bí kóòṣì kan bá ní kí ẹ yọ ọdún méjì kúrò, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún tí a bá yọ lórí ìwé, ara ọmọ ni yóò san án.