Ẹsẹ̀ Ta Ni Wọ́n Fi Wọn Ìrìn?

Akẹ́kọ̀ọ́ fisiotẹ́rápì tí ó bá ṣí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni nípa ìrìn ọmọ ènìyàn yóò bá òǹkà lóríṣiríṣi níbẹ̀: iye dígírì tí orúnkún ń ká, ibi tí ìwúwo ara ń já sí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìdá tí itan kó nínú ìwúwo gbogbo ara. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá bá òǹkà náà mu, wọ́n á ní ara rẹ̀ le. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òǹkà kì í ṣàdéédé hù. Àwọn kan ló wọ̀n ọ́n, àwọn kan ló náwó sí i, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi náwó náà. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àwọn òǹkà yìí lọ, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ogun àti ọmọ ogun ló bí púpọ̀ nínú wọn, àti pé ara ọkùnrin díẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ìtàn yìí kò sọ wọ́n di irọ́, àmọ́ ó yẹ kí ó kọ́ wa bí a ṣe ń lò wọ́n àti ibi tí agbára wọn mọ.

Giovanni Borelli, ará Ítálì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní baba ìmọ̀ nípa ìgbéra ara yìí. Ìwé rẹ̀ lórí ìrìn àwọn ohun ẹlẹ́mìí jáde ní Róòmù ní 1680 sí 1681, lẹ́yìn tí ó ti kú. Ó gbé pákó lé orí irin ẹlẹ́nu tínínrín, ó na ènìyàn gbọọrọ sórí pákó náà, ó sì ń sún un títí ọ̀tún àti òsì fi dọ́gba, kí ó lè mọ ojú ibi tí ìwúwo ara pàdé sí. Ó tún fi hàn pé nítorí pé ìtòsí oríkèé ni iṣan so mọ́, agbára tí iṣan ń lò láti gbé ẹrù pọ̀ jìnnà ju ìwúwo ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di 1836 ní Jámánì, Wilhelm Weber àti Eduard àbúrò rẹ̀ kéde pé ẹsẹ̀ tó bá ti kúrò nílẹ̀ kàn ń fì síwájú fúnra rẹ̀ ni, bíi irin tí ń fì nínú aago ara ògiri, tí iṣan kò sì ṣe iṣẹ́ kankan. Àlàyé náà dùn-ún gbọ́, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún káàkiri kí ìwọ̀n tó péye tó dé bá a.

Àwọn ọmọ ogun ló mú ìwọ̀n náà wá. Ní 1882, Étienne-Jules Marey dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Paris, ìjọba sì tì í lẹ́yìn, nítorí wọ́n fẹ́ mọ bí ọmọ ogun ṣe lè rìn jìnnà kí ó má tètè rẹ̀ ẹ́. Wọ́n wọ aṣọ dúdú fún ọkùnrin kan láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fa ìlà funfun sí ẹ̀gbẹ́ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì yà á léraléra lórí àwo fọ́tò kan ṣoṣo bí ó ṣe ń rìn lọ níwájú ògiri dúdú. Fọ́tò náà kò gbé ojú rẹ̀, kò gbé ara rẹ̀. Ìlà funfun nìkan ló hàn, wọ́n tò lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbéra tí ó sì ń balẹ̀. Ní Leipzig, Wilhelm Braune àti Otto Fischer fi yìnyín mú òkú le, wọ́n fi ayùn gé e ní oríkèé, wọ́n sì wọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Àkọlé ìwé tí wọ́n gbé jáde lórí rẹ̀ ní 1889 kò fi nǹkan kan pamọ́: ó dárúkọ ẹrù tí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Jámánì ń gbé. Ní 1891, wọ́n so ọ̀pá gíláàsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀ mọ́ ara ọkùnrin kan, ó rìn nínú òkùnkùn níwájú kámẹ́rà, wọ́n sì tún ní kí ó gbé ẹrù ogun rìn. Braune kú ní 1892. Fischer nìkan ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìṣirò náà parí. Ìṣirò yẹn ló fi hàn pé iṣan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè, ìyẹn ni pé àwọn Weber ṣàṣìṣe.

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá sọ ìmọ̀ yìí di ohun èlò ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ padà sílé, wọ́n sì bínú sí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n fún wọn. Ní Berkeley, Verne Inman, oníṣẹ́ abẹ egungun, àti Howard Eberhart, onímọ̀ ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú jàǹbá ní 1944, kó ẹgbẹ́ jọ láti wá ojútùú. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti kan ìṣó tínínrín mọ́ egungun àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n lè rí bí egungun ṣe ń yí nígbà ìrìn. Ní 1955, Wilfrid Dempster gbé ìwọ̀n ẹ̀yà ara jáde fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà: òkú ọkùnrin mẹ́jọ ló gé, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 52, èyí tó dàgbà jù sì jẹ́ 83. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé itan kan jẹ́ ìdá 10 nínú 100 ìwúwo ara, àti pé odindi ẹsẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 16, tí í ṣe kílò 11 ó lé díẹ̀ lára ẹni kílò 70. David Winter, onímọ̀ ìgbéra ara, gbé òǹkà náà sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ogun Àgbáyé Kejì kan náà ló bí ilé ìwòsàn egungun Igbóbì ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, tó sì di ilé ìwòsàn ní 1945, kí Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀rí oyè fisiotẹ́rápì ní 1966.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹni tí wọ́n wọ̀n: òfin ìwúwo kò mọ ẹ̀yà, kílò kan ní Leipzig náà ni kílò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni fún òfin náà, ṣùgbọ́n bí ara ṣe ń bá òfin ṣe kò dọ́gba. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà lè gbé ẹrù tó tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara wọn láìjẹ́ pé èémí tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i, nígbà tí ọmọ ogun tó pọn irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ń ná agbára rẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ní 1995 ni wọ́n ṣàlàyé ìdí: àwọn obìnrin náà ń lo agbára tí ara rí nígbà tó ń lọ sílẹ̀ láti fi gòkè padà, ju bí àwọn yòókù ṣe lè ṣe lọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ogun tó pọn àpò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ òṣùká ti wà lórí àwọn alábàárù láti ìgbà láéláé. A kò sì gbọ́dọ̀ sọ èyí di ìtàn ìyanu. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 kò fi irú èrè bẹ́ẹ̀ hàn. Àwọn obìnrin náà yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn. Àwọn kan á ní èyí ba ẹ̀rí ti Kẹ́ńyà jẹ́. Lójú tèmi, ó fi kún ọ̀rọ̀ náà ni: bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín obìnrin tó ń gbé lágbègbè kan náà, a jẹ́ pé ọkùnrin kan tó rìn ní Leipzig kò lè dúró fún gbogbo ayé.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tó ń ṣàìsàn? Mo gbà pé òṣùwọ̀n ṣe pàtàkì. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé irú ìrìn tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìgbéra ara fúnra wọn kò sinmi lé e bí a ṣe ń ṣe. Ní Moscow, láàárín ọdún 1920 sí 1930, Nikolai Bernstein wo òṣìṣẹ́ tó ń fi òòlù lu irin, ó sì rí i pé orí òòlù ń bá ojú ibì kan náà nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ èjìká, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ kò gbéra bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ara kì í jẹ́ kó yí padà ni àbájáde. Ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀ lè yí padà. Ní 1953 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Berkeley ka ohun mẹ́fà tí wọ́n ní ara ń ṣe kí ó má baà máa fò sókè sódò jù nígbà ìrìn, ó sì wọ ìwé ẹ̀kọ́ gbogbo. Nígbà tí Steven Gard àti Dudley Childress wọn méjì nínú wọn ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí 1999, wọ́n rí i pé bí ìbàdí ṣe ń tẹ̀ àti bí orúnkún ṣe ń ká lábẹ́ ara kò fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Ìmọ̀ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe báyìí kò yẹ kí á máa kọ́ sórí bí ẹni ka àkọ́sórí.

Nítorí náà, àbájáde ni ó yẹ kí fisiotẹ́rápì kọ́kọ́ wọ̀n, àti pé àbájáde tí aláìsàn nílò níbi tí ó ń gbé ni. Ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò gbà ju nǹkan bí dígírì 60 lọ lọ́wọ́ orúnkún. Obìnrin tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà nílò ju 90 lọ. Mùsùlùmí tó ń jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrun nílò ju 130 lọ. Bí a bá fi ìwé Leipzig àti Berkeley nìkan wọ̀n wọ́n, a ó ní wọ́n ti gbádùn, a ó sì dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé, nígbà tí àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà kò tíì padà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wọn ìrìn ní Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ lónìí lè fi ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹrù orí sínú òṣùwọ̀n yín, kí òǹkà tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kà lè ní ẹsẹ̀ tiwa nínú.