Èkó ni Mò ń Lọ: Ìrìnnà Òwúrọ̀ láti Àgbàdo dé Tinúbú

Ẹni tó ń gbé Agége, tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, kì í sọ pé Erékùṣù ni òun ń lọ. "Èkó ni mò ń lọ" ló máa sọ. Ará Muṣin ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ará Ìkòròdú náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Ìpínlẹ̀ Èkó ni gbogbo wọn ń gbé. Lẹ́nu wọn, Èkó ni ilẹ̀ tó wà lódìkejì omi, níbi tí ọjà ńlá, báńkì àti ọ́fíìsì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń sùn.

Àlọ àti àbọ̀ ojoojúmọ́ láàárín ibi méjèèjì yìí ni à ń pè ní ìrìnnà òwúrọ̀ níhìn-ín. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọba ti ń kọ́ afárá, tí wọ́n ń la títì, tí wọ́n sì ń tẹ́ ojú irin nítorí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ló máa ń kọ́kọ́ jìnnà sí ibi iṣẹ́, ọ̀nà á wá máa sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìta Tinúbú, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì tó

Ẹfúnróyè Tinúbú ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede tó wà láàárín Erékùṣù Èkó. Oníṣòwò ńlá ni. Ní 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lé e kúrò l'Ékòó. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ìta Tinúbú ni àwọn àgbà ń pe ibẹ̀. Ìjọba amúnisìn kọ́ ilé-ẹjọ́ sí i. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ó di gbàgede òmìnira, àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó sì fi orísun omi tó ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ. Broad Street àti òpópónà Nnamdi Azikiwe pàdé níbẹ̀, ilé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lè gbé ènìyàn dé Marina, Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹsẹ̀ yìí ni ètò ìrìnnà àkọ́kọ́. Bíi 25,000 ènìyàn ni wọ́n kà l'Ékòó ní 1866. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n yí Ìgá Ìdúngánràn, ààfin ọba, ká. Àwọn Sàró, tó ti Sierra Leone padà wá, wà ní Olówógbowó, àwọn Àgùdà, tó ti Brasil padà wá, wà ní Pópó Àgùdà, àwọn òyìnbó sì wà létí omi ní Marina. Akọ̀wé, ẹlẹ́ja, télọ̀ àti káfíńtà, ìrìn ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń dé ibi iṣẹ́, tí wọ́n sì lè padà sílé jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Tíráàmù lórí Afárá Carter

Láti Ìddó ni iṣẹ́ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n omi ló wà láàárín Ìddó àti Erékùṣù. Afárá Carter, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, ló so wọ́n pọ̀ ní 1901. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1902, wọ́n gbé tíráàmù kan tí ẹ́ńjìnnì oníná èédú ń fà gba orí afárá náà. Ojú irin rẹ̀ kéré: ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ti réluwéè ńlá jẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Èrò tó bá ti Abẹ́òkúta wá á sọ̀kalẹ̀ ní Ìddó, á bọ́ sínú tíráàmù, á sì wọ Èkó lórí irin.

Kò pẹ́ lọ títí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti dáwọ́ èrò kíkó dúró. Ẹ̀gbin ìlú ni ojú irin náà ń kó lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí wọ́n fi pa á tì pátápátá ní 1933.

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó sí Sùúrùlérè

Àìsàn ló kọ́kọ́ mú ìjọba ronú nípa bí ilé ṣe fún mọ́ra lórí Erékùṣù. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó. Ní 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra kí wọ́n sì la ilẹ̀ tuntun fún ìkọ́lé. Yábà jẹ́ ọ̀kan lára ilẹ̀ tuntun náà.

Èyí tó tóbi jù dé ní 1955. LEDB gbà láti wó àdúgbò kan tó fẹ̀ tó 70 éékà láàárín Erékùṣù, kò sì jìnnà sí Tinúbú. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò ní agboolé tí bàbá ńlá wọn kọ́, wọ́n fún wọn ní ilé ní Sùúrùlérè lókè odò. Ilé náà dára: afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, àyè wà, omi ẹ̀rọ wà. Ṣùgbọ́n ọjà kò bá wọn lọ, iṣẹ́ kò bá wọn lọ.

Peter Marris, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn ìdílé yìí sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1961. Ohun tó rí kò ṣòroó lóye fún ẹni tó ti gun dánfó rí. Obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ ń jẹ nínú owó oṣù ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé yàrá kejì tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí a gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ kí a tó rí. Ìwéwèé náà fún ilé ní àyè ńlá, ṣùgbọ́n kò sí ètò ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọdún 1958 ni ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ra iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ Zarpas, ti àwọn ará Gíríìsì, ń ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di LMTS. Èrò ti pọ̀ ju bọ́ọ̀sì lọ nígbà náà. Àwọn onílé iṣẹ́ aládàáni ló dí àlàfo náà.

Bọ́lẹ̀kájà, mólúè, dánfó

Bọ́lẹ̀kájà ló ṣáájú: lọ́rì onípákó tí èrò ń jókòó kọjú síra wọn nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ìpè àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń fa èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́: "bọ́ọ́lẹ̀, ká jà." Mólúè tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì gígùn tí àwọn awẹ́dà kan irin mọ́ lórí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ Mercedes 911. Dánfó wá pẹ̀lú Volkswagen, ó kéré, ó sì lè gba kọ̀rọ̀ kọjá. Àwọ̀ ìyeyè àti ilà dúdú ni mólúè àti dánfó fi ń ṣe aṣọ.

Dánfó ní òfin tirẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ń pe òpópónà àti owó ní ẹ̀mí kan: "Òbáléndé, CMS, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ á kígbe "ó wà o!" kí awakọ̀ tó dúró. Àgbèrò ń gba owó ní gbogbo ibùdókọ̀, owó náà sì ń wọ inú iye tí èrò ń san. Kò sí ètò kankan tí ìjọba ti ṣe tó tíì kó èrò Èkó fún ìgbà pípẹ́ tó tó èyí. Àmọ́ nígbà tí òjò bá rọ̀, owó ọkọ̀ á lọ sókè lójú ẹsẹ̀, ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ á sì dúró sínú òjò.

Afárá, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, àti mọ́tò méjì fún ẹnì kan

Láàárín 1965 sí 1975 ni ilé iṣẹ́ Julius Berger kọ́ Afárá Èkó ní ìpele ìpele. Epo rọ̀bì ti mú owó wọlé, mọ́tò sì pọ̀ lójijì. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba pàṣẹ pé kí mọ́tò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ máa jáde ní ọjọ́ kan, kí èyí tí tirẹ̀ jẹ́ méjìméjì máa jáde ní ọjọ́ kejì. Àwọn tó lówó ra mọ́tò kejì, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò wá pọ̀ sí i.

Afárá Kẹta, Third Mainland Bridge, parí ní 1990. Kìlómítà 11.8 ni gígùn rẹ̀, òun sì ni afárá tó gùn jù ní Áfíríkà títí di 1996. Ó ti Òwòrónṣòkí wá, ó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní Adéníji Adélé. Ìtura ńlá ni nígbà tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kó rọrùn láti kọ́ ilé sí ọ̀nà jíjìn sí i: Kétu, Ọjọ́ta, Magodo, lẹ́yìn náà Ìbafọ̀ àti Mówè lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tó jẹ́ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò pẹ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi gun afárá náà.

Ojú irin tí wọ́n fagi lé

Gómìnà Lateef Jákàńdè, tó ṣe ìjọba láti 1979 sí 1983, gbà pé mọ́tò nìkan kò lè gbé ìlú yìí. Ó ṣètò Metroline, ọkọ̀ ojú irin tó máa gba òkè títì láti ọ̀nà Agége wá sí Marina. Ó tún ra ọkọ̀ ojú omi méjì, ó pe ọ̀kan ní "Baba Kékeré", èyí tó jẹ́ ìnagijẹ òun fúnra rẹ̀, ó sì fi orúkọ àdúgbò Ìta Fájì pe èkejì. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1983. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Iye tí wọ́n sábà ń pè pé Èkó pàdánù nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, bí ogójì ọdún ni èrò fi ń fara mọ́ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń ti Ìjòkó lọ sí Ìddó, tí àwọn mìíràn ń gun orí òrùlé rẹ̀ nítorí inú ti kún.

Kí ni iye wa?

Ẹni tó fẹ́ ṣètò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye ẹni tó máa wọ̀ ọ́. L'Ékòó, ibi tí ìjà wà gan-an nìyí. Ní 1950, bíi 230,000 ni èrò ìlú Èkó. Ní 1963, ó lé ní 665,000. Ìkànìyàn 2006 sọ pé 9,113,605 ló ń gbé Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìkà tí àwọn fúnra wọn ṣe fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Iye kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Ìwéwèé bọ́ọ̀sì tó bá tẹ̀ lé àkọ́kọ́ á fi ìdajì èrò sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ bó bá jẹ́ pé èkejì ló jóòótọ́.

LAMATA àti ọ̀nà bọ́ọ̀sì

Òfin 2002 ló dá LAMATA sílẹ̀, àjọ kan ṣoṣo tó máa wo títì, bọ́ọ̀sì, ojú irin àti omi pa pọ̀. Ìwéwèé rẹ̀ ní ojú irin mẹ́fà nínú. Èso rẹ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn rí ni BRT, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta 2008 láyé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá: kìlómítà 22 láti Mile 12 dé Erékùṣù, pẹ̀lú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì. Ní 2015, ó dé Ìkòròdú.

Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìmọ̀ yìí ti wá. Curitiba ní Brasil ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní 1974, Bogotá ní Kòlóḿbíà sì ṣí tirẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n Curitiba ṣe ohun kan tí Èkó kò ṣe: òfin ìkọ́lé ibẹ̀ darí àwọn ilé gíga sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa gbé níbi tí ọkọ̀ wà. L'Ékòó, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ń wo owó rẹ̀. Ilẹ̀ tó rọjú ni èyí tó jìnnà sí títì.

Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Erékùṣù Èkó jẹ́ ọ̀kan. Jàǹbá dín kù, ẹ̀rù olè dín kù. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ilé dé ibùdó BRT, ìrìn yẹn sì di ti ẹsẹ̀.

Búlúù àti Pupa

Iṣẹ́ lórí ojú irin aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan lára mẹ́fà inú ìwéwèé LAMATA, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2010. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò: kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún, Mile 2, Suru-Alaba, Orílé Ìgánmú, National Theatre àti Marina. Iná mànàmáná ló ń wà á, ó sì ní afárá tirẹ̀ tó fi ń sọdá omi wọ Erékùṣù. Ẹni tó bá bọ́ ní Marina lè fẹsẹ̀ rìn dé Tinúbú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Olówógbowó ti ń ṣe láyé àtijọ́. Iṣẹ́ ń lọ láti mú un dé Okokomáíkò.

Ojú irin pupa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2024. Kìlómítà 27 ni, láti Àgbàdo lẹ́nu ààlà Ìpínlẹ̀ Ògùn, gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Muṣin àti Yábà. Àwọn tó ń jí ní aago mẹ́rin òru kí wọ́n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni ọ̀nà yìí wà fún jù lọ. Ìwéwèé rẹ̀ ni kó dé Marina, kó pàdé èkejì rẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí, Òyìngbò ló ń parí sí. Èrò á sọ̀kalẹ̀, á wá bọ́ọ̀sì tàbí dánfó, á sì gba afárá wọ Èkó, lórí omi kan náà tí tíráàmù ń gba orí rẹ̀ kọjá ní 1902.