Yíyan àkọsílẹ̀ mímì ilẹ̀ fún àyẹ̀wò ilé

Yíyan àkọsílẹ̀ mímì ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé máa ń ṣe láti ṣa àkọsílẹ̀ àwọn ìmìtìtì ilẹ̀ (ìsẹ̀lẹ̀) tó ti wáyé rí jọ. Wọn a fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyí dán àwòrán ilé tàbí afárá wò lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ bí yóò ṣe mì àti ibi tí yóò ti sán. Ìmìtìtì ilẹ̀ méjì kì í rí bákan náà. Ilé kan náà lè dúró lábẹ́ àkọsílẹ̀ kan, kí ó sì wó lábẹ́ òmíràn.

Ohun tí wọ́n ń wò

Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: agbára ìmìtìtì ilẹ̀ náà, bí orísun rẹ̀ ṣe jìnnà tó, àti irú ilẹ̀ tí ẹ̀rọ tó gba àkọsílẹ̀ náà dúró lé. Ilẹ̀ rírọ̀ máa ń mú kí mímì pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ọ̀pọ̀ ilé alájà wó ní ìlú Mexico City, tí apá kan rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ adágún àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun ìmìtìtì náà jìnnà ju 300 kìlómítà lọ.

Lẹ́yìn èyí, wọn a mú àkọsílẹ̀ náà lágbára sí i tàbí kí wọ́n dín in kù, títí yóò fi bá ohun tí wọ́n ń retí ní ibi ìkọ́lé mu.

Iye àkọsílẹ̀

Òfin ìkọ́lé Yúróòpù, Eurocode 8 ti ọdún 2004, béèrè ó kéré tán àkọsílẹ̀ 3. Bí wọ́n bá tó 7, a lè lo ìpíndọ́gba èsì wọn. ASCE 7 ti Amẹ́ríkà béèrè 11 láti ẹ̀dà ọdún 2016.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kò wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ba ilé jẹ́ ní Accra ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939. Òmíràn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Guinea ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àyíká rẹ̀ ní ọdún 1984, ó sì tún mì ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti sán láti ìgbà pípẹ́ ní agbègbè Ifẹ̀wàrà.

Nítorí pé àkọsílẹ̀ abẹ́lé ṣọ̀wọ́n, yíyá ti ibòmíràn lò di dandan. Àkọsílẹ̀ El Centro ti California (1940) gbajúmọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ààlà àwọn àwo ilẹ̀ ńlá méjì ni ó ti wá, nígbà tí Nàìjíríà wà láàárín àwo tirẹ̀. Fún ilé tí a fẹ́ kọ́ sórí àpáta líle bíi ti agbègbè Ìlá Ọ̀ràngún, àkọsílẹ̀ tí a gbà lórí àpáta, ní ibi tó jìnnà sí irú ààlà bẹ́ẹ̀, ló bá a mu jù.