Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Àlejò? Ìtàn Wákàtí Iṣẹ́ ní Bouaké

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n òfin ńlá wà nínú rẹ̀. Bí ó ti wù kí oko jìnnà tó, àti bí ó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, ìgbà kan ń bẹ tí àgbẹ̀ yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí yóò sì kọjú sí ilé. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀ràn ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí nítòsí oko, àlejò tí ó ti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú? Ta ni yóò sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ọdún 2023, ìjọba Gúúsù Kòríà gbé àbá kan jáde, pé kí òfin gbà kí òṣìṣẹ́ ṣe tó wákàtí 69 ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, dípò 52 tí ó jẹ́ òpin. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà fárí gá, ìjọba sì fa ọwọ́ àbá náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ní oko kò ní ohùn tí ó rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí a tó padà sọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, níbi tí irú ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn ọmọ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ìlú náà ni Bouaké.

Bouaké wà ní àárín ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ní agbègbè àwọn Baoulé. Ojú irin tí ó gbéra láti Abidjan dé ibẹ̀ ní ọdún 1912. Bí ọkọ̀ ojú irin ti dé, bẹ́ẹ̀ ni òwò gbilẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Faransé sì wá fìdí kalẹ̀. Orúkọ àdúgbò tí ó wà ní àárín ìlú náà fúnra rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: Commerce, èyí tí í ṣe Òwò ní èdè Faransé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Robert Gonfreville dá ilé-iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ ní ìlú náà, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni aago àti fèrè ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́ fún àwọn ènìyàn tí oòrùn nìkan ń pín in fún tẹ́lẹ̀.

Oríṣi àlejò mẹ́ta ni ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Èkínní ni alágbàṣe tí ó ti àríwá wá. Èkejì ni akọ̀wé tí ó ti Dàhómì, Tógò tàbí Sẹ̀nẹ̀gà wá. Ẹ̀kẹta ni oníṣòwò, lára èyí tí àwọn ènìyàn wa wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wákàtí iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà, ó sì kún fún ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí alágbàṣe. Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn aláṣẹ a máa pàṣẹ fún ìjòyè pé kí ó kó iye ọkùnrin báyìí wá fún ọ̀nà, fún ojú irin, fún igbó tí wọ́n ti ń la gẹdú, àti fún oko kòkó àti kọfí àwọn Òyìnbó. Ní ọdún 1932 àwọn Faransé tú Upper Volta, tí í ṣe Burkina Faso ti òní, ká, wọ́n sì fi apá tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀ kún Côte d'Ivoire, kí ọwọ́ lè tètè tẹ àwọn òṣìṣẹ́ Mossi. Ọdún 1947 ni wọ́n tó dá a padà. Láàárín ọdún wọ̀nyí, ẹni tí a bá kó kò lè béèrè wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà rárá.

Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà yóò rí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. A kò sọ pé ìwọ̀fà dára. Gbèsè ni ó mú un wá, ìnira rẹ̀ kò sì kéré. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Apá kan ọjọ́ ni ó jẹ́ ti olówó rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí iye ebè tí àṣà là kalẹ̀, ó lè lọ sí oko ara rẹ̀. Kí ni ó pa ààlà yẹn mọ́? Kì í ṣe ìwé òfin. Ohun tí ó pa á mọ́ ni pé àwọn ẹbí rẹ̀ wà nítòsí, olówó sì mọ̀ pé bí òun bá ré ààlà kọjá, àwọn àgbà yóò wá béèrè. Ọkùnrin tí a kó láti ilẹ̀ Mossi lọ sí oko Òyìnbó kò ní àgbà kankan nítòsí tí yóò béèrè rẹ̀.

Ní ọdún 1944, àwọn àgbẹ̀ dúdú Côte d'Ivoire, tí Félix Houphouët-Boigny jẹ́ olórí wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn: ìjọba ń kó òṣìṣẹ́ fún Òyìnbó, oko tiwọn sì ń di igbó. Nígbà tí Houphouët-Boigny dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, ó gbé òfin kan kalẹ̀ tí ó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin náà jáde. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi oko àwọn Òyìnbó sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ. Òfin náà kò dárúkọ iye wákàtí kankan. Ohun tí ó fún òṣìṣẹ́ ni agbára láti lọ, agbára yìí sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìyókù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí akọ̀wé. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, òfin wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ ti wà láti ọdún 1936. Ní Áfíríkà, ìjọba gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láàyè ní ọdún 1937, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwé Faransé nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Faransé daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí kí a lè fi òfin kan náà wọn dúdú àti funfun. Àwọn ti ọ̀nà Abidjan padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948. Àwọn ti Dakar kò padà títí di oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àríyànjiyàn, ilé ìgbìmọ̀ Paris ṣe Òfin Iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ òkè òkun. Wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ ni ó là kalẹ̀ fún ọ́fíìsì, ilé ìtajà àti ilé-iṣẹ́. Fún oko, ó fi í sí wákàtí 2,400 ní ọdún kan, èyí tí ó sún mọ́ 46 ní ọ̀sẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé láti ìgbà náà ni a ti ń wọn ọjọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oko yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Wákàtí 48 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀, wákàtí ni wọ́n sì fi ń ka owó wọn. Ẹni tí ó ń gba 10 fún wákàtí kan ń mú 480 lọ sílé lọ́sẹ̀. Bí wákàtí bá di 40, owó rẹ̀ di 400. Kí ó tó lè mú 480 lọ sílé, owó wákàtí kan gbọ́dọ̀ di 12, ìyẹn ni pé kí a fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Àwọn agbanisíṣẹ́ kọ̀. Ní ọdún 1953, àwọn òṣìṣẹ́ Guinea, tí Sékou Touré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù méjì lọ, títí ìjọba fi gbà láti fi ìdá márùn-ún náà kún owó tí ó kéré jù lọ. Ìsinmi tí ebi bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìsinmi.

Ó yẹ kí akọ̀wé láti Dàhómì ti wà ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà náà. Ó mọ̀wé, ó ní ẹgbẹ́, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Abidjan. Ẹgbẹ́ kan tí ó ń jà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń kígbe pé àlejò ni ó gba gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì. Wọ́n kọlu àwọn ará Dàhómì àti Tógò, wọ́n kó ẹrù wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a sì fi ọkọ̀ òkun dá padà sí ilẹ̀ wọn, èyí tí Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ wà nínú rẹ̀. Òfin wákàtí 40 wà níbẹ̀ digbí; kò lè gba ẹni tí a ti sọ fún pé kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá là. Ó dájú pé ẹni tí ó bá wà nínú irú ìbẹ̀rù yìí yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ fún ọ̀gá pé aago iṣẹ́ ti lù.

Ó ku oníṣòwò. Láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ènìyàn wa ti lọ sí Côte d'Ivoire. Oníṣòwò jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Bí ó bá ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí ó sì tì í ní alẹ́, òun ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ó ti jẹ́ àṣà wa láti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò láti ilé lọ sí ìdálẹ̀, kí ó máa ran ni lọ́wọ́ lórí igbá fún ọdún díẹ̀, kí a tó fún un lówó kí ó dá dúró. Ọ̀nà rere ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ di ènìyàn. Síbẹ̀, ta ni ó ń ka wákàtí ọmọ yẹn? Òfin iṣẹ́ kò wo inú ilé. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá jẹ́ olóòótọ́, ọmọ náà yóò là. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tí ó lè béèrè wà ní ọ̀nà jíjìn réré.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kòríà báyìí. Láti ọdún 1953 ni òfin wọn ti sọ pé wákàtí 8 ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan, Jeon Tae-il, ẹni ọdún 22, dáná sun ara rẹ̀ ní ọjà aṣọ Pyeonghwa ní Seoul. Òfin tí ó ti wà nínú ìwé ni ó ń béèrè pé kí wọ́n pa mọ́, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ń ránṣọ níbẹ̀ tó wákàtí 14 lójúmọ́. Ọdún 2018 ni wọ́n tó dín òpin ọ̀sẹ̀ kù láti 68 sí 52. Títí di òní, àlejò tí ó lọ ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí iṣẹ́ oko níbẹ̀ lábẹ́ ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2004 kò lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan sí òmíràn bí ó ti wù ú. Òfin wákàtí kò sì de àgbẹ̀ àti darandaran. Ní ọ́fíìsì, àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa ka owó àṣekún mọ́ owó-oṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ka wákàtí mọ́; lẹ́yìn iṣẹ́, àpèjẹ tí ọ̀gá pè sì tún ń bẹ, èyí tí ó ṣòro fún ẹni tuntun láti kọ̀. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ orúkọ agbanisíṣẹ́ kan mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá bọ́, àṣẹ láti máa gbé ìlú náà lè bọ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìtàn Bouaké kọ́ wa pé òfin wákàtí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Òfin tuntun tí Côte d'Ivoire ṣe ní ọdún 2015 ṣì di wákàtí 40 mú, ó sì di 2,400 ti oko mú pẹ̀lú. Nàìjíríà ńkọ́? Òfin iṣẹ́ wa kò dárúkọ iye wákàtí kan pàtó. Ó fi í sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, tàbí ẹgbẹ́ wọn. Àdéhùn láàárín ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí ó ní oúnjẹ lọ́wọ́, gbogbo wa ni a mọ ibi tí í máa ń fì sí.

Nǹkan mẹ́ta ni ó ń dáàbò bo ọjọ́ àlejò: ìwé tí ó ka wákàtí rẹ̀, ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀gá kan sílẹ̀ láìpàdánù ibùgbé, àti ènìyàn nítòsí tí yóò béèrè rẹ̀. Ìjọba ni ó lè fún un ní méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ gbogbo wa, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba wa ní ìdálẹ̀. Kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Seoul, ní Bouaké tàbí ní Èkó má ṣe béèrè iye tí ó ń fi ránṣẹ́ nìkan. Kí ó béèrè pẹ̀lú pé: aago mélòó ni wọ́n ń jẹ́ kí ó lọ sílé?