Owó Ilẹ̀ Wa àti Ìpàdé Orí Fóònù

A kò lè sọ ìtàn ọdún 10 ẹgbẹ́ yìí ká fo ọdún 2020. Ṣáájú rẹ̀, ojúkojú là ń ṣe ìpàdé ní Mayfair. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn mọ́ ẹnì kan nínú, a ó ti rí i lójú rẹ̀ kó tó lanu.

Ní ìparí oṣù Kẹta ni kòrónà sọ ọ́ di kónílé-ó-gbélé, l'Ékòó àti l'Ọ́ṣun níbí. Kódà, ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, orí ẹ̀rọ ni Ààrẹ Buhari àti àwọn mínísítà ti ṣèpàdé, ìgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Àwa náà bọ́ sórí Zoom. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti pé ìṣẹ́jú 40, ó ń já. Àdúrà àti ìkíni nìkan á sì ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá kúkú ni wá.

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ni owó tí a ń dá jọ láti fi ra ilẹ̀: ṣé ká fi ra oúnjẹ fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò dẹ̀? Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dáa, ló sọ̀rọ̀ jù. Alága béèrè bóyá a fara mọ́ ọn. Kẹ́kẹ́ pa. Akọ̀wé kọ ọ́ pé gbogbo wa gbà, a sì náwó náà.

Nígbà tí a tún fojú kojú, díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́. Ọ̀kan ní dátà òun ti tán kí wọ́n tó dórí owó. Òmíràn ní òun sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, òun ò mọ̀ pé òun kò tan ohùn. Ẹnì kẹta gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ká ní òun ń fi oúnjẹ du ọ̀gbà òun. Ká ní orí ìjókòó ni, ì bá sọ ọ́ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún ì bá sì bá a gbé e kalẹ̀.

A kò kábàámọ̀ oúnjẹ náà. Ó dé ilé tó nílò rẹ̀. Bí a ṣe gba ìdákẹ́ sí "bẹ́ẹ̀ ni" ló dùn wá. Síbẹ̀ a kò pa ìpàdé orí fóònù tì, nítorí tẹ́lẹ̀, owó nìkan làwọn ará òkè òkun ń fi ránṣẹ́, wọn kì í dá sí ìpinnu. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ owó kò gbọdọ̀ parí ní ìjókòó kan, akọ̀wé sì ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé mẹ́ta la fi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà nígbà tí owó tún pé. Ẹni tó wà ní Houston dáhùn, ẹni tó wà ní Lágere dáhùn, kí akápò tó sanwó.